Ṣé Òfin Owó-Oṣù Dé Ọ̀dọ̀ Ọmọ-Ọ̀dọ̀?

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi ń ṣiṣẹ́ ilé fún ìdílé kan ní Bódìjà, ₦30,000 ni wọ́n ń san fún un lóṣù. Ṣé ₦70,000 ìjọba kò tọ́ sí i ni? (Ìyá kan, Lálúpọn)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú àbójútó ọmọ. Lóòótọ́ ni òfin sọ ₦70,000 di owó-oṣù tó kéré jù lọ ní ọdún 2024, tí ìjọba Ọ̀yọ́ sì fọwọ́ sí ₦80,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2019 tí wọ́n tún ṣe ní 2024 yìí yọ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé 25 sílẹ̀, ilé wo sì ni, ní gbogbo Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, tí a ti ń rí òṣìṣẹ́ 25 tí ń gbálẹ̀, tí ń fọṣọ? Ó dùn mí wọra, nítorí ẹni tí ń jí ṣáájú àkùkọ, tí ń sùn kẹ́yìn onílé, ni òfin fò dá.

Àdéhùn nìkan ló kù. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò: ẹ lọ bá ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ̀, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó fi kún owó náà, kí ó kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi sínú ìwé, kí ó sì máa san án sọ́wọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe sọ́wọ́ alágbàtà kankan.