Orí Kẹsàn-án: Láti Garki sí Erékùṣù Pátímò

Ẹni tó bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nígbà èwe á ti gbọ́ orúkọ Pátímò. Ibẹ̀ ni Jòhánù wà nígbà tó rí ìran tó kọ sínú ìwé Ìfihàn. Ohun tí tíṣà kì í sọ fún wa ni pé Pátímò ṣì wà lórí omi títí dòní. Orílẹ̀-èdè Gíríìsì ló ni ín. Ilé ìtura wà níbẹ̀, ẹja wà níbẹ̀, ẹni tó ń gbé ní Garki ní Àbújá sì lè lọ sinmi níbẹ̀ kó padà wálé.

Erékùṣù ni ilẹ̀ tí omi yí ká. Èyí tí èèyàn ń gbé ní Gíríìsì lé ní 200. Santorini lòkìkí rẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ ojú omi ńlá máa ń já èrò síbẹ̀ títí ojú ọ̀nà á fi há bí ọjà Garki nígbà tí Kérésì bá ku ọ̀la. Ẹni tó sá fún èrò ní Garki, kí ló tún ń wá lọ sáàárín èrò? Pátímò kò ní pápákọ̀ òfurufú rárá. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 3,000 lọ. Èmi fara mọ́ Pátímò.

Ká sọ pé obìnrin kan ń ta aṣọ ní ọjà Garki, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Area 1. Wọ́n fẹ́ lọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ìgbà wo ló dára? Oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà, tàbí oṣù kẹsàn-án. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, atẹ́gùn líle kan tí wọ́n ń pè ní meltemi máa ń fẹ́ láti àríwá. Bí ọyẹ́ ṣe ń dá bàálù dúró ní Àbújá, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn yìí máa ń dá ọkọ̀ ojú omi dúró nígbà mìíràn. Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ sì jẹ́ ọjọ́ àjọ̀dún Màríà Wúńdíá, yàrá kì í ṣẹ́ kù. Bákan náà ni ti ọ̀sẹ̀ Àjíǹde wọn, tí kì í fi gbogbo ìgbà bọ́ sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú tiwa.

Oṣù kẹsàn-án ni tọkọtaya wa mú. Nítorí náà, oṣù kẹrin ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìrìnnà ló ṣáájú. Ó gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, kó tó parí lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n máa kúrò ní Yúróòpù. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, èyí tó ń lo ọdún márùn-ún di ₦100,000, tí ọdún mẹ́wàá sì di ₦200,000.

Lẹ́yìn náà ló kan físà. Físà Schengen ni, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, títí kan Gíríìsì. Wọ́n máa ń gba ìwé ìbéèrè rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò títí di ọjọ́ 15 ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ọjọ́ 15 yẹn. Yúrò 90 ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀. Ẹ ó ra ìwé adójútòfò ìlera tó lè san yúrò 30,000, ó kéré tán. Ọkọ á gba lẹ́tà ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó á mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò rẹ̀ lọ, àwọn méjèèjì á gba àkọsílẹ̀ owó ní báńkì. Ẹ má yá owó ńlá sínú àpò báńkì nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ lọ béèrè físà. Owó tó já bọ́ láti ọ̀run máa ń fa ìbéèrè. Ẹ má sì sanwó tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé dá padà kí físà tó jáde. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà físà lè wo Cape Verde, erékùṣù ni òun náà, ọmọ ECOWAS kì í sì í gba físà lọ síbẹ̀ fún 90 ọjọ́.

Ìgbà tí ètò bá fẹ́ gún, ìyàwó lè sọ pé, “Olówó orí mi, nígbà tá a bá ti dé ọ̀hún, ṣé ká kúkú ya Róòmù àti Párìsì?” Kí ọkọ fi sùúrù kọ̀. Ẹni tó ń di ẹrù ní gbogbo àárọ̀ kò sinmi. Erékùṣù kan tó.

Kò sí bàálù tó ń ti Àbújá lọ tààrà sí Áténì, olú ìlú Gíríìsì. Wọ́n lè pààrọ̀ ọkọ̀ ní Istanbul, ní Káírò tàbí ní Addis Ababa. Láti pápákọ̀ Áténì, ọkọ̀ ojú irin ìgboro kan ń lọ tààrà sí èbúté Piraeus. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Pátímò, ó ń gbà tó wákàtí mẹ́jọ, ó sì lè jẹ́ òru ló máa gúnlẹ̀. Ẹ sùn ní Áténì lóru kan ná, torí ọkọ̀ ojú omi kì í dúró de ẹni tí bàálù rẹ̀ pẹ́.

Ẹ ò ní ṣàjèjì tán níbẹ̀. Ìlú Áténì ni wọ́n bí Giannis Antetokounmpo, agbábọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá, sí lọ́dún 1994. Ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀. Adétòkunbọ̀ ni àwọn ará Gíríìsì kọ báyẹn.

Ní Pátímò, ìsinmi dé. Ihò àpáta tí wọ́n gbà pé Jòhánù ti rí ìran wà láàárín èbúté Skala àti ìlú Chora tó wà lókè. Ilé àwọn mọ́ńkì tó wà ní Chora ti wà láti ọdún 1088. Ẹ wọ aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún lọ sí méjèèjì. Ní ọ̀sán, àwọn ará ìlú máa ń sùn, ẹ má pariwo. Oúnjẹ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ata, ẹ di ata gígún díẹ̀ dání. Bẹ́bà ìnùdí, inú garawa ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ni wọ́n ń jù ú sí, torí páìpù wọn tín-ín-rín.

Ẹ ṣí dúrọ́ọ̀ lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tí ìwé ìrìnnà yín máa parí.