Ẹ̀KỌ́ KẸ́MÍSÍRÌ FÚN ỌMỌ ILÉ-KÉWÚ TÍ Ó FẸ́ ṢE DÓKÍTÀ

  

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin òbí, bí a bá bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ dà, kì í pẹ́ kí á tó gbọ́ "dókítà". Àwọn ìyá wọn náà ń ṣàdúà sí i, pàápàá fún àwọn ọmọbìnrin, nítorí pé obìnrin Mùsùlùmí tí ó ń rọbí a máa fẹ́ kí obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀bí òun. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí Thánáwiyyah tí ó dá lé Lárúbáwá àti ìmọ̀ ẹ̀sìn nìkan kò lè dá gbé ọmọ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ó gbọ́dọ̀ ní kírédíìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàólójì ní WAEC tàbí NECO, kí ó sì tún jókòó ṣe JAMB nínú Gẹ̀ẹ́sì, Bàólójì, Físíìsì àti Kẹ́mísírì. Nínú gbogbo wọn, Kẹ́mísírì ni mo rí pé àwọn ọmọ wa ń sá fún jù. Nítorí náà ni mo ṣe mú kálámù.

Àwọn kan nínú wa a máa sọ pé ẹ̀kọ́ àwọn nàsárá ni. Ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Orúkọ ẹ̀kọ́ yìí gan-an, láti inú Lárúbáwá ni àwọn ará Yúróòpù ti gbà á: al-kīmiyāʼ. Ohun tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní alkali, al-qily ni, eérú ewéko kan tí ó máa ń hù nílẹ̀ oníyọ̀. Alcohol náà, al-kuḥl ni, èyí tí àwa ń pè ní tìróò. Ẹ̀tù kíkúnná ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi orúkọ náà pè, kí ó tó di orúkọ ohun tí wọ́n ń sè yọ láti inú ọtí. Abu Bakr Muhammad ibn Zakariyya al-Razi, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 925, dókítà ni, ó kọ ìwé lórí ṣọ̀pọ̀ná, ẹni náà ni ó sì tún pín àwọn ohun tí ó wà láyé sí ẹ̀yà-ẹ̀yà nínú ìmọ̀ al-kīmiyāʼ. Ọmọ tí ó bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀ kò dá àṣà tuntun sílẹ̀.

Ọmọ ilé-kéwú ní agbára kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní: ó mọ bí a ṣe ń há nǹkan. Ẹni tí ó ti há jùsúù mẹ́wàá, élímẹ́ǹtì 20 àkọ́kọ́, láti Hydrogen dé Calcium, kò ju iṣẹ́ alẹ́ méjì lọ fún un. (Mo fi orúkọ wọn sílẹ̀ bí ìdánwò ṣe ń kọ wọ́n, kí ó má baà rú ọmọ lójú.) Ibẹ̀ náà sì ni ewu wà. Àwọn kan a máa há ìdáhùn ìbéèrè àtijọ́ bí ẹni há súúrà. Bí wọ́n bá ti yí nọ́ńbà kan padà, wọn a dúró gbagidi. Ìbéèrè àtijọ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ fi ìwé bo ìdáhùn, kí ẹ ṣe é fúnra yín, kí ẹ tó ṣí i wò.

Iṣẹ́ mi ni Sárífù àti ìmọ̀ ogún pípín, n ó sì fi wọ́n ṣe àlàyé, nítorí pé ohun tí ẹ ti mọ̀ ni.

Ẹ mú orúkọ àwọn ohun tí kábọ̀n wà nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé kāf, tā, bā ni gbòǹgbò, pé kātib ni ẹni tí ń kọ̀wé, pé maktūb sì ni ohun tí a kọ, kí ni ó ń bà yín lẹ́rù? Gbòǹgbò ń sọ iye kábọ̀n: meth- jẹ́ ọ̀kan, eth- jẹ́ méjì, prop- jẹ́ mẹ́ta, but- jẹ́ mẹ́rin. Ìparí ọ̀rọ̀ ń sọ irú ẹ̀yà tí ó jẹ́, bí ìgbà tí a gbé gbòǹgbò wọ wásínì. Bí ó bá parí sí -ane, ìsopọ̀ ẹyọ kan ni ó wà láàárín kábọ̀n, òṣùwọ̀n rẹ̀ sì ni CₙH₂ₙ₊₂. -Ene ní ìsopọ̀ méjì níbì kan, CₙH₂ₙ. -Yne ní mẹ́ta, CₙH₂ₙ₋₂. Nítorí náà ethane ni C₂H₆, ethene ni C₂H₄, ethyne ni C₂H₂. Ethyne yìí, ẹ ti mọ̀ ọ́n: òun ni gáàsì tí àwọn wẹ́dà ń rí nígbà tí wọ́n bá da omi sí kábáàdì. Propane àti butane ni ó wà nínú gáàsì ìdáná. Bí ó bá parí sí -ol, ẹbí ọtí ni. -Oic acid sì ni ẹbí ohun kíkan, bí ethanoic acid tí ó wà nínú fínígà. Ẹni tí ó bá mọ gbòǹgbò mẹ́wàá àti ìparí márùn-ún yóò lè sọ orúkọ àádọ́ta láì há wọn.

Ìṣirò móòlù ni ó ń lé ọ̀pọ̀ sẹ́yìn, a ó sì dúró níbẹ̀ díẹ̀. Móòlù jẹ́ iye kan, bí a ṣe ń pe ẹyọ 12 ní dọ́sìnnì. Tirẹ̀ ni 6.02 × 10²³. Ìwọ̀n móòlù kan ohunkóhun ni àpapọ̀ ìwọ̀n àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ ní gíráàmù. Ẹ wo òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fi ṣe sìmẹ́ǹtì, CaCO₃ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀: 40 + 12 + (3 × 16) = 100. Bí a bá sun ún, yóò di CaO àti CO₂, ọ̀kan sí ọ̀kan sí ọ̀kan. Wọ́n ní a sun gíráàmù 10 CaCO₃ tán, wọ́n bèèrè ohun tí a ó rí.

Ó dà bí ogún. Bí ọkùnrin kan bá fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀, a ó wá ìpìlẹ̀ tí gbogbo ìpín lè ti inú rẹ̀ jáde: 24. Ìyàwó gba 3, ọmọkùnrin 14, ọmọbìnrin 7. Lẹ́yìn náà ni a ó tó kan owó: bí ó bá jẹ́ ₦240,000, ìpín kan jẹ́ ₦10,000. Kẹ́mísírì náà, ìpín ni kí ẹ kọ́kọ́ mú jáde láti inú ìdọ́gba, kí ẹ tó fọwọ́ kan gíráàmù. Gíráàmù 10 nínú 100 jẹ́ móòlù 0.1. Nítorí náà CaO jẹ́ móòlù 0.1, ìyẹn 0.1 × 56 = gíráàmù 5.6; CO₂ jẹ́ 0.1 × 44 = gíráàmù 4.4. Ẹ pa á pọ̀: 10 pé. Àáfà tí ó pín ogún tí kò pa á pọ̀ wò, ìjà ni ó ń dá sílẹ̀. Bí wọ́n bá bèèrè CO₂ ní dm³ ní s.t.p., ẹ lọ́po 0.1 pẹ̀lú 22.4, ó di 2.24.

Ìwọ̀nba ni n ó sọ nípa ìfináyà: faraday kan jẹ́ coulomb 96,500, Cu²⁺ sì ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì, nítorí náà móòlù kan kọ́pà yóò gba 193,000. Iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni àwọn ọmọ máa ń gbàgbé.

Ní ti ọṣẹ, ẹ lọ bá àwọn ìyá àgbà yín. Eérú èèpo kòkó tí wọ́n ń sẹ́ ní potassium carbonate nínú, àlùkálì ni. Bí wọ́n bá sè é pẹ̀lú àdín, ọṣẹ dúdú yóò jáde, glycerol yóò sì yọ. Ọṣẹ potassium máa ń rọ̀, ti sodium máa ń le. Ìbéèrè ìdánwò ni èyí, ìkòkò ìyá àgbà ni ìdáhùn wà.

Ìwé tí mo máa ń dámọ̀ràn ni New School Chemistry ti Osei Yaw Ababio, pẹ̀lú sílábọ́ọ̀sì JAMB lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa fa ìlà sí ohun tí ẹ ti kà tán. Wákàtí kan lẹ́yìn Súbúhì lójoojúmọ́ sàn ju òru mẹ́ta tí a kò sùn nígbà tí ìdánwò bá kù ọ̀sẹ̀ kan. Kí òbí má rán ọmọ lọ sọ́jà ní wákàtí yẹn.

Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ń ṣe JAMB. Ìbéèrè 180 ni fún wákàtí méjì: 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni ó bọ́ sí ìbéèrè kan. Ẹ kọ́kọ́ mú àwọn tí kò ní ìṣirò, kí ẹ sì padà sí ti móòlù. Ọmọ tí kò mọ eku kọ̀ǹpútà lò kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rù: A, B, C àti D ni ó fi ń mú ìdáhùn, N gbé e lọ sí ìbéèrè tí ó kàn, P dá a padà sí èyí tí ó kọjá. S ni ó ń parí ìdánwò, kí ọwọ́ má ṣèèṣì kàn án.