Ṣé Torí Iná Ni Ilé-iṣẹ́ Ṣe Ń Sá?

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí iná mànàmáná àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Kí ló ń mú ilé-iṣẹ́ yan ìlú kan, kó sì fi ìlú mìíràn sílẹ̀? Tí ọ̀rọ̀ bá kan Nàìjíríà, gbogbo wa la ti gbọ́ ìdáhùn kan nílé rí: "Kò síná ni! Ta ló fẹ́ wá?" Ẹ jẹ́ ká yẹ ìdáhùn yẹn wò dáadáa.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti Woolwich

Ní 1863, ilé-iṣẹ́ Siemens dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní etí odò Thames, níbí ní Woolwich. Okùn wáyà ni wọ́n ń ṣe, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun kí àwọn èèyàn lè máa tẹ wáyà láti ìlú kan sí èkejì. Odò ló fà wọ́n wá. Ọkọ̀ ojú omi lè sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, kí wọ́n ká okùn gígùn náà sínú rẹ̀, kó sì gba òkun lọ. Wọ́n ṣe é fún ohun tó lé ní 100 ọdún kí wọ́n tó kógbá sílé ní 1968.

Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ilé-iṣẹ́ máa ń lọ síbi tí ohun tó nílò jù bá wà. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ayé òde òní nílò nǹkan mẹ́rin: íntánẹ́ẹ̀tì tó yára, òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́, oníbàárà, àti iná tí kì í ṣẹ́jú.

Okùn dé Èkó, iná ńkọ́?

Ní 2010, okùn MainOne gba abẹ́ òkun láti Portugal dé Accra àti Èkó. Ní Yaba, níbi tí Yaba Tech wà, tí Yunifásítì Èkó náà kò jìnnà sí, àwọn ọ̀dọ́ ń kóra jọ sí CcHUB láti dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Mark Zuckerberg tó ni Facebook fúnra rẹ̀ yọjú síbẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ 2016. Íntánẹ́ẹ̀tì wà, òṣìṣẹ́ wà, oníbàárà pọ̀ bí omi. Iná ló kù.

Ẹ mú ìwé ìṣirò yín. Iná tó ń gba wáyà ìjọba ní Nàìjíríà kì í sábà ju 4,000 sí 5,000 mẹ́gáwáàtì lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ibẹ̀ ju 200 mílíọ̀nù lọ. Tí a bá pín 5,000 mẹ́gáwáàtì fún 200 mílíọ̀nù èèyàn, wáàtì 25 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gílóòbù kékeré kan nìyẹn! Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ní alẹ́ ọjọ́ òtútù, iná tí à ń lò lè ju 40,000 mẹ́gáwáàtì lọ, àwa tí a sì ń lò ó kò tó 70 mílíọ̀nù. Ẹ pín ìyẹn náà, kí ẹ wo ìyàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ Twitter

Ní Oṣù Kẹrin 2021, Twitter kéde pé Ghana ni òun máa fi ṣe ibùjókòó àkọ́kọ́ òun ní Áfíríkà. Inú bí àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ní iná ló fà á. Ṣùgbọ́n ohun tí Twitter fúnra rẹ̀ sọ ni pé Ghana ń gbé ìjọba tiwa-n-tiwa àti òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ lárugẹ, àti pé Accra ni ọ́fíìsì àdéhùn òwò gbogbo Áfíríkà wà. Nígbà tó di Oṣù Kẹfà ọdún náà, ìjọba Nàìjíríà ti Twitter pa, ó sì tó nǹkan bí oṣù méje kí wọ́n tó ṣí i.

Ghana náà sì ti jìyà àìsíná rí. Ní bí ọdún 2012 sí 2016, iná wọn ń lọ, ó ń bọ̀, débi pé wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ní èdè tiwọn: dumsor, ìyẹn "pa á, tàn án." Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ pé iná nìkan ló lé Twitter, ẹ ní kó rọra.

Ta gan-an ni àìsíná ń pa lára?

Ní 2022, Equinix, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, ra MainOne, tilé tọ̀nà, pẹ̀lú àwọn ilé tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà ńláńlá sí ní Èkó. Àìsíná kò dá wọn dúró. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń ní ẹ̀rọ amúnáwá ńláńlá àti bátìrì tirẹ̀. Tí NEPA bá mú iná lọ, kọ̀ǹpútà wọn kò ní mọ̀.

Ṣùgbọ́n ká ní ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ nínú yàrá kan ní Ìbàdàn ńkọ́? Kí owó tó wọlé, jẹnẹrétọ̀ ti mu tirẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní Oṣù Kàrún 2023, jálá epo kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ kọjá 600 láàrin oṣù méjì. Owó tó yẹ kí wọ́n fi gba òṣìṣẹ́ kẹrin ti di èéfín.

Torí náà, èrò tèmi rèé: ilé-iṣẹ́ ńlá lè gbé iná tirẹ̀ dání wá. Àwọn kékeré, tí ì bá di ńlá lọ́la, ni àìsíná ń pa. Nígbà mìíràn, ilé-iṣẹ́ kọ́ ló ń ṣí kúrò, òṣìṣẹ́ ni. Ẹ bi àwọn òbí tó ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ẹ máa rí àwọn tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà, tí wọ́n wá ń ṣe é láti Thamesmead.

London náà ń wá iná

Kí á má rò pé Nàìjíríà nìkan ni. Ní 2022, wọ́n sọ fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé ńláńlá ní Hillingdon, Ealing àti Hounslow pé ó lè di 2035 kí àwọn kan tó rí iná tuntun fà, nítorí pé àwọn ilé kọ̀ǹpútà ńláńlá ti gba èyí tó pọ̀ jù. Àwọn ilé-iṣẹ́ dé, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iná mọ́ àwọn tó fẹ́ kọ́lé lọ́wọ́.

Ìrètí wà nílé o. Òfin iná mànàmáná ti 2023 gba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láàyè láti ṣètò iná tirẹ̀. Tí Ọ̀yọ́ tàbí Ògùn bá ṣe é dáadáa, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta yẹn lè gba òṣìṣẹ́ kẹrin. Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú wa.

Ọ̀rọ̀ láti kọ́

Kógbá sílé: kí ilé-iṣẹ́ pa iṣẹ́ tì.
Oníbàárà: ẹni tó ń ra ọjà lọ́wọ́ wa.
Ẹ̀rọ amúnáwá: jẹnẹrétọ̀.

Iṣẹ́ ilé

1. Wáàtì mélòó ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a bá pín 40,000 mẹ́gáwáàtì fún 66 mílíọ̀nù èèyàn?
2. Ẹ bi òbí yín: tí iná bá dúró ṣánṣán nílé, ṣé ẹ máa padà lọ dá iṣẹ́ sílẹ̀? Ẹ kọ ìdáhùn wọn ní Yorùbá, kí ẹ mú un wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.