Títọ́jú Ẹni tí Àrùn Rọpárọsẹ̀ Mú: Ojúṣe Mọ̀lẹ́bí àti Ojúṣe Jámáà

  

Nínú ìwé orúkọ àwọn ọmọ òrukàn, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú kí ó tó bàlágà nìkan ni a máa ń kọ, nítorí òun ni Ṣẹ̀ríà ń pè ní yàtíìmù. Ṣùgbọ́n láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ títí dé Ìdó, a ń rí àwọn ọmọ mìíràn tí bàbá wọn wà láàyè lórí ẹní, tí kò lè dìde, tí kò lè sọ̀rọ̀, tí owó ilé-ìwé wọn sì ti dúró. Wọn kì í ṣe òrukàn, a kò sì lè kọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣé kí a wá dúró kí wọ́n di òrukàn kí a tó ṣíjú wò wọ́n? Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ wa yìí fi dá lórí àrùn rọpárọsẹ̀, pàápàá ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé aláìsàn kúrò ní ilé ìwòsàn wá sílé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ pé wọ́n ta á lọ́fà kúrò ńlẹ̀. Àrùn yìí máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú iṣan tí ó ń gbé e lọ sí ọpọlọ, tàbí tí iṣan náà bá bẹ́. Apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ nínú ọpọlọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ẹ̀yà ara tí ó ń darí yóò sì rọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan ní Nàìjíríà àti Ghana, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Wọ́n fi aláìsàn rọpárọsẹ̀ 2118 wé iye èèyàn kan náà tí àrùn náà kò mú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ṣíwájú gbogbo ohun tí wọ́n rí. Àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, sìgá wà níbẹ̀, àìjẹ ẹ̀fọ́ tó wà níbẹ̀, àti iyọ̀ tí à ń bù kún oúnjẹ tí wọ́n ti gbé síwájú ẹni. Nítorí náà, bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan kò gbéra, tí ọ̀rọ̀ sì lọ́, ilé ìwòsàn ni kí a sáré gbà lọ ní wákàtí náà gan-an, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò sín gbẹ́rẹ́. Kí a má sì fún un ní asipirín-ìnnì látinú ilé, nítorí bí ó bá jẹ́ pé iṣan ni ó bẹ́, oògùn yẹn lè pa á. Àwòrán orí tí wọ́n bá yà ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn.

Ilé gan-an ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, kí a máa yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ní wákàtí méjì-méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibùsùn yóò dá egbò sí i lára. Apá tí ó rọ, a kì í fà á láti gbé e dìde, nítorí ó rọrùn kí egungun èjìká yẹ̀. Bí a bá fẹ́ wọ aṣọ fún un, apá tí ó rọ ni a ó kọ́kọ́ ki bọ̀ ọ́; bí a bá fẹ́ bọ́ ọ, apá náà ni a ó yọ kẹ́yìn.

Àwa ará Èkìtì, ẹ má bínú, ó di dandan kí a fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ iyán. Òkèlè tí à ń gbé mì láìjẹ kì í ṣe oúnjẹ ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò tíì le. Ó lè gba ọ̀nà èémí lọ, kí ó fún un pa, tàbí kí oúnjẹ bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró kí ó di àìsàn mìíràn. Kí a gbé e jókòó dáadáa kí ó tó jẹun, kí a fi ṣíbí kékeré bọ́ ọ, kí a má ṣe dùbúlẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ó bá jẹ tán. Bí ó bá ń hú ikọ́ nígbà tí ó ń mu omi, kí a dáwọ́ dúró kí a sì sọ fún dókítà. Iyán yóò padà wá, in shaa Allah.

Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ kò túmọ̀ sí ẹni tí kò gbọ́. A ti rí ibi tí wọ́n ti ń pín ilẹ̀ bàbá lójú bàbá, tí omi ń dà lójú rẹ̀. Kí a bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí a bi í ní ìbéèrè tí ó lè fi orí dáhùn, kí a sì ní sùúrù. Bí ó bá ń sunkún ṣáá tàbí tí kò fẹ́ jẹun, kì í ṣe àìní ìgbàgbọ́. Ìbànújẹ́ ọkàn wà lára àrùn náà, oníṣègùn sì lè tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń dùn wá púpọ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí ọkùnrin kò tíì rìn, ẹnu àwọn ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìyàwó: kò wọ́ ọ lẹ́sẹ̀ tó, kò ní ìfẹ́ rẹ̀ mọ́. Ní Íńdíà, wọ́n kọ́ àwọn mọ̀lẹ́bí ní bí wọn yóò ṣe máa ṣe eré ìmárale fún aláìsàn wọn nílé. Aláìsàn 1250 ni ó wà nínú ìwádìí náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2017. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, àwọn tí wọ́n kọ́ mọ̀lẹ́bí wọn kò sàn ju àwọn tó kù lọ. Ohun tí àwa rí kọ́ níbẹ̀ ni pé a kò lè di gbogbo ẹrù yìí lé orí obìnrin kan kí a tún wá bú u. Àwọn onífísíò tí wọ́n kọ́ṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n wà ní Federal Teaching Hospital, Ìdó-Èkìtì, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní FMC. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń bọ̀ láti Ìkọ̀lé gbọ́dọ̀ gba Ọ̀yẹ́ àti Ìfàkì kọjá kí ó tó dé ibẹ̀, ẹni tí kò lè dá jókòó kò sì lè wọ ọkọ̀ èrò. Wọ́n ní láti dá ọkọ̀ háyà. Owó ọkọ̀ yìí ni ó ń dá ìtọ́jú dúró, oṣù àkọ́kọ́ títí dé ẹ̀kẹta sì ni ara ń yára padà jù.

Kafíńtà kan wà ní agbègbè Ọ̀yẹ́, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, búrẹ́dì àti mílíìkì kún yàrá rẹ̀, àlejò kò sì jẹ́ kí ó sùn. Ní oṣù kẹrin, ìyàwó rẹ̀ ti ta ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tán, wọn kò rà á mọ́ nítorí wọ́n rò pé ara ti ń yá. Ẹ̀yin ará, oògùn yìí kò ṣeé dá dúró láìgba àṣẹ dókítà. Àrùn kejì ni ó máa ń tẹ̀lé e, èkejì sì máa ń burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àbẹ̀wò, kí ó lọ ní oṣù kẹrin. Kí ó mú owó oògùn dání, tàbí kí ó ní kí ìyàwó lọ sùn kí òun jókòó ti aláìsàn. Àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin náà lè wẹ̀ fún un. Iṣẹ́ obìnrin nìkan kọ́.

Àwọn kan bi wá bóyá sàká tọ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àìsàn kò sí nínú ọ̀wọ́ mẹ́jọ tí Súrà Tawba, áyà 60, kà sílẹ̀. Àìní àti gbèsè ni ó wà níbẹ̀. Olówó tí rọpárọsẹ̀ mú kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró, tí kò ní ohun tí yóò jẹ, tàbí tí gbèsè ilé ìwòsàn wà lọ́rùn rẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́. Ọmọ tí ó ní owó lọ́wọ́ kò lè fi sàká bọ́ bàbá rẹ̀, nítorí bíbọ́ òbí tí kò ní jẹ́ gbèsè lọ́rùn rẹ̀. Àbúrò, ẹ̀gbọ́n àti àna lè fún un, láádá rẹ̀ sì di méjì: ti ìtọrẹ àti ti síso okùn ìbí pọ̀. Kí ọmọ sì rántí pé Súrà Isra, áyà 23, kò fàyè gba kí a pòṣé sí òbí tí ó ti dàgbà, ì báà jẹ́ ní àárín òru tí ó tún tọ̀ sára.

Ní ti ìrun, ẹni tí kò lè dúró yóò jókòó kí i. Bí kò bá lè jókòó, yóò fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí i, yóò sì máa fi orí ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí omi yóò pa lára tàbí tí kò rí ẹni bá a ṣe àlùwàlá lè ṣe táyámáámù. Ó lè kó Súúrì àti Àsárì pọ̀, kí ó kó Mọ̀ǹgàríbì àti Ìṣàhí pọ̀. Ní Ràmàdáànì, kí ó má tìtorí ààwẹ̀ fo oògùn. Ẹni tí kò ní ìrètí pé yóò lè gbà á mọ́, kí wọ́n máa bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí ó bá mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀, kí ó rí akọ̀wé ẹgbẹ́ tàbí ìyá ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Kí ó mú ìwé tí dókítà kọ oògùn sí dání, kí ó béèrè iye tí oògùn oṣù kan jẹ́, kí ó sì bi ìyàwó ilé náà ní òru tí ó ṣòro fún un jù láàárín ọ̀sẹ̀.