Ọjọ́ Mélòó Ló Yẹ Ká Dúró Ká Tó Já Ẹ̀fọ́ Tí A Fín Lóògùn?

Àwọn tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ máa ń bi wá pé: bí ìdajì òògùn kòkòrò bá ti kúrò lára ewé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ṣé kò ní tán pátápátá ní ọjọ́ kẹfà? Rárá o! Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Oòrùn, òjò àti ewé fúnra rẹ̀ ló ń ba òògùn jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Iye tó bá wà lára ewé lónìí ló ń pinnu iye tí yóò lọ lọ́la: bó bá pọ̀, púpọ̀ ni yóò lọ, bó bá kéré, díẹ̀ ni. Nítorí náà, ní ọjọ́ kẹta ó ku ìdajì, ní ọjọ́ kẹfà ó ku ìdá kan nínú mẹ́rin, ní ọjọ́ kẹsàn-án ó ku ìdá kan nínú mẹ́jọ.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Ká ní wọ́n yẹ tẹ̀tẹ̀ yín wò lọ́jọ́ tí ẹ fín in, wọ́n sì bá mílígíráàmù 4 nínú kílò ewé kan. Lẹ́yìn ọjọ́ 6, ó ku 1. Ẹ fi 1 pín 4, ẹ ó rí 4. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ ln sí lórí ẹ̀rọ ìṣirò fóònù yín, kí ẹ fi wo 4 yìí: 1.386 ni yóò jáde. Ẹ fi 6 pín in, ó di 0.231. Òǹkà ìyára òògùn náà lójúmọ́ nìyẹn. Ẹ wá fi 0.231 pín 0.693, ìyẹn ohun tí ln fún 2, ẹ ó rí 3, iye ọjọ́ tí ìdajì fi ń lọ. Bí òfin bá ní kò gbọdọ̀ ju 0.25 lọ, 4 yóò di 2, yóò di 1, yóò di 0.5, yóò di 0.25: ọjọ́ 12 gbáko.

Ẹni tó bá po òògùn ní ìlọ́po méjì yóò fi ọjọ́ mẹ́ta kún un. Bó bá já a ní ọjọ́ kejìlá bó ṣe máa ń ṣe, ìlọ́po méjì ohun tí òfin gbà ló gbé lọ sọ́jà fún ọmọ ọlọ́mọ jẹ.

Òǹkà yìí yàtọ̀ láti òògùn dé òògùn, àti láti ibì kan dé ibòmíràn. Ìdajì lambda-cyhalothrin a máa kúrò lára ewé ní nǹkan bí ọjọ́ 5, ṣùgbọ́n nínú ilẹ̀, ó tó ọjọ́ 30. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fín oko sílẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ lé iye ọjọ́ ìdúró tó wà lára ike.

Inú àpò ẹ̀wà kò ní oòrùn, kò ní òjò tí yóò ba òògùn jẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe da òògùn kòkòrò dichlorvos sí i. Nítorí rẹ̀ ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà ní ọdún 2015. Àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ń pa kòkòrò ẹ̀wà láìsí òògùn. Ẹ gbẹ ẹ̀wà dáadáa, kí ẹ di ẹnu ìpele kọ̀ọ̀kan pinpin.