Bí A Ṣe Ń Wọn Ọgbẹ́ Ọkàn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí ẹ bá ra gààrí kóńgò kan lọ́jà kan, tí ẹ tún ra kóńgò kan lọ́jà mìíràn, ẹ mọ̀ pé wọ́n lè má dọ́gba, nítorí kóńgò ọjà kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹ mú èyí dání. A ó lò ó. Ṣé a jọ wà níbẹ̀?

Akotogbo nílẹ̀ Ìkálẹ̀ kò jìnnà sí ààlà ìpínlẹ̀ Ẹdó, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti gba aṣálẹ̀ Sàhárà lọ sí Líbíà, tí wọ́n ń wá ọ̀nà dé Yúróòpù. Láti 2017, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ni IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, ti fi bàálù kó padà wálé. Ká ní ọ̀kan nínú wọn dé Akotogbo. Ó ń jẹun, ó ń kí àgbà, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá dún lóru, á fò dìde, òógùn á bò ó, oorun ti lọ nìyẹn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò ya wèrè. Ọgbẹ́ ọkàn ni a ó máa pe ohun tó ń ṣe é. Ṣé ó yé yín?

Báwo la ṣe ń wọn ohun tí ojú kò rí? Ní 1992, Richard Mollica àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard gbé ìwé ìbéèrè kan jáde fún àwọn tí ogun lé kúrò ní Cambodia, Laos àti Vietnam. Apá kan ń béèrè ohun tí ojú ẹni ti rí. Apá mìíràn ń béèrè bó ṣe ń ṣe é láti ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn: àlá burúkú, ìjayà, àìrí oorun sùn. Máàkì 1 ni bí kò bá sí rárá, 4 ni bó bá pọ̀ gan-an. Ìbéèrè mẹ́rìndínlógún (16) nínú apá yìí ló dá lórí ọgbẹ́ ọkàn gan-an. Bí àpapọ̀ máàkì bá jẹ́ 40, ẹ fi 16 pín in: 2.5. Iye yìí ni wọ́n fi ṣe ààlà. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ni a ó fura sí. N kò ní kí ẹ sọ pé ó ti ní àìsàn. Ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín kí a tó tẹ̀síwájú.

Ṣé a lè gbé 2.5 yẹn wá sí Akotogbo bẹ́ẹ̀? Rárá o, kóńgò ọjà mìíràn ni. Ẹ kọ́kọ́ túmọ̀ ìbéèrè náà sí Yorùbá tí ará Ìkálẹ̀ á gbọ́ láìfajúro; kí ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ padà sí èdè tó ti wá, kí ẹ fi í wé ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn tó ti ìrìn àjò dé, kí dókítà ọpọlọ tí kò mọ máàkì wọn sì yẹ àwọn kan náà wò. Ibi tí máàkì àti ọ̀rọ̀ dókítà bá ti bára mu jù ni ààlà tiwa. Bó bá kéré jù, ẹ ó ka ẹni tí ara rẹ̀ le mọ́ aláìsàn. Bó bá ga jù, ẹni tó nílò ìtọ́jú á bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Èkejì yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ṣé ẹ rí ìyàtọ̀ méjèèjì?

Ẹ má sì béèrè orúkọ àìsàn. Ní 1961, Adeoye Lambo ti ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ṣe ìwádìí láàárín àwa Yorùbá. Wọ́n rí i pé àwọn èèyàn kì í kó àmì ìsoríkọ́ pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n nípa àmì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ó ku ìdánwò kan. Ọmọkùnrin wa tó ti Líbíà dé sí Akotogbo gba máàkì 38. Ẹ fi 16 pín in: 2.375, kò dé ààlà 2.5. Síbẹ̀ dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí ọgbẹ́ náà. Ẹ rán an lọ gba ìtọ́jú lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má dúró de ìṣirò. Ṣùgbọ́n bí irú rẹ̀ bá pọ̀ nínú ìwé yín, ṣé ẹ ó fa ààlà wálẹ̀ ni àbí ẹ ó gbé e sókè? Ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.