Àhámọ́ Ànìkàngbé

Ní ayé àtijọ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú Philadelphia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, burú púpọ̀. Ọkùnrin àti obìnrin, onígbèsè àti gbéwiri, ojú kan náà ni wọ́n ń kó wọn pọ̀ sí. Ẹni tí ó fi olè kékeré wọlé a sì fi olè ńlá jáde.

Ní ọdún 1787, àwọn aláàánú kan, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ Quaker, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti tún ọ̀ràn náà ṣe. Èrò wọn ni pé bí a bá ya ọ̀daràn kúrò láàárín ẹgbẹ́ búburú, tí ó ku òun àti ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ nìkan, yóò ronú, yóò sì yí padà.

Èrò yìí ni ó bí Eastern State Penitentiary, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1829. Àní ìrònúpìwàdà ni ìtumọ̀ orúkọ náà dá lé. Ẹlẹ́wọ̀n kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Ojú ihò kékeré kan lókè àjà ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Bíbélì wà níbẹ̀ fún un láti kà, iṣẹ́ bàtà rírán tàbí aṣọ híhun sì wà fún un láti ṣe. Bí wọ́n bá fẹ́ mú un jáde, wọn a da ìbòrí bo orí àti ojú rẹ̀, kí ó má baà rí ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, àwọn ẹlẹ́wọ̀n a máa yọ́ lu páìpù ara ògiri, kí ẹni tí ó wà ní yàrá kejì lè gbọ́.

Ní ọdún 1842, Charles Dickens, òǹkọ̀wé ará Ìlú Ọba, ṣe ìbẹ̀wò síbẹ̀. Ó gbà pé ète àwọn olùdásílẹ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ó ní ìyà tí ó ń jẹ ọkàn burú ju èyí tí ó ń jẹ ara lọ. Ní ọdún 1890, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ nípa irú àhámọ́ bẹ́ẹ̀ pé ó ti sọ àwọn kan di aṣiwèrè, àwọn mìíràn sì ti pa ara wọn. Ní ọdún 1913, wọ́n pa ètò náà tì ní Philadelphia.

Ṣùgbọ́n àhámọ́ ànìkàngbé kò tíì parẹ́ láyé. Nítorí èyí ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ṣe ìlànà ní ọdún 2015 pé kò yẹ kí ó ju ọjọ́ 15 léraléra lọ.

Ènìyàn ni aṣọ ènìyàn. Òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ búburú a máa ba ìwà jẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín ènìyàn náà ni a ti ń mọ ẹni tí ó yí padà. Ẹni tí kò rí ọmọnìkejì, ta ni yóò hu ìwà rere sí?